Ìjàpá Òkun Tó Ń Sunkún Lẹ́yìn Ọjà Relief

Ariwo ẹ̀yìn Relief Market ní Onitsha, tí ẹ bá kó o sínú àpò, àpò á fàya. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, oníkẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè, àwọn tó ń ti bárò ń pariwo kí wọ́n má baà gbá èèyàn lójúgun. Ọkùnrin tó ń ta oògùn eku gbé láúdù-sípíkà sẹ́nu, ó ń bú àwọn eku bí ẹni pé wọ́n gba ìyàwó rẹ̀.

Àárín ariwo yìí ni Wúràọlá jókòó sí tó ń ránṣọ. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí àwọn ilé tó yí i ká ṣì jẹ́ páànù títí wọ́n fi di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Mama Ṣìkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó gbọ́ Íbò débi pé ó lè fi bú èèyàn kí onítọ̀hún tún dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, kò rí ẹni bá sọ ọ́. Wọ́n á kí i láàárọ̀, wọ́n á kí i lọ́sàn-án, wọ́n á gbé ìrẹsì fún un lọ́jọ́ Kérésì. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, tó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ku òun àti òùngbẹ ọ̀rọ̀.

Ìlàjẹ ni wọ́n bí i sí, abúlé kan tó jókòó sétí òkun gan-an. Tí ìyá rẹ̀ bá da omi àwo nù lójú fèrèsé, òkun ló ń gbà á. Jímọ̀ ọkọ rẹ̀, mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ló mú un wá sí Onitsha nítorí iṣẹ́ odò. Jímọ̀ ti kú, Onitsha náà ni wọ́n sì sin ín sí. Olúwaṣìkẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Àbújá. Ó máa ń pè ní ọjọ́ Sọ́ńdè.

"Mama, kedu?"

"Ṣìkẹ́mi, sọ Yorùbá."

Ọmọ á rẹ́rìn-ín. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi ń wúwo." Ìyá á gbà, wọ́n á jọ máa fi Íbò bá a lọ.

Ilé ńkọ́? Ìgbà tó lọ kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbé e sínú ọkọ̀, ó tukọ̀ jáde díẹ̀ sójú agbami, ó wá na ìka sísàlẹ̀ omi: "Wúrà, yàrá Bàbá nìyí." Òkun ti jẹ ẹ́. Ó jẹ ilé ìwé, ó jẹ ibi tí wọ́n sin ìyá wọn sí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà wá kú ní ìlú òkè tó kó lọ, Wúràọlá ò débẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Kò bá wọn jiyàn. Ó kàn máa ń rò ó pé àwọn àgbà yẹn, ṣé wọ́n gbé etí òkun rí?

Ọjọ́ Wẹ́sidé kan, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, Nwakaego ti etí odò dé, bárò kan ń tẹ̀ lé e. Nwakaego yìí ló ń se pẹ́pẹ́ súùpù ní ìsọ̀ tó fara ti ti Wúràọlá. Obìnrin tó sanra dáadáa ni, páànù òrùlé máa ń gbọ̀n tó bá ń rẹ́rìn-ín. Íbò àti Pidgin ni àwọn méjèèjì ń sọ síra wọn, ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá gbé e.

"Mama Ṣìkẹ́! Jáde wá wo ẹran!"

Wúràọlá gbójú sókè. Inú bárò ni ìjàpá òkun wà, wọ́n dá a dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, ikùn rẹ̀ tó funfun kọjú sójú ọ̀run, wọ́n fi okùn di apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó rí bí àjẹ̀ ìtukọ̀. Gbogbo ojú ló ń wò ó. Lójijì ó la ẹnu, ó mí kanlẹ̀, hàáà, bí arúgbó tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ìró mímí yẹn, Wúràọlá mọ̀ ọ́n. Kò gbọ́ irú rẹ̀ látìgbà tó ti wà lọ́mọge. Ó sọ aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó dìde.

"Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ẹnu òkun ló gbé e wá," Nwakaego ń ṣàlàyé fún èrò. "Àwọ̀n wọn ló mú un. Àwọn àna mi ń bọ̀ láti Umunya ní Sátidé wá tọrọ ọmọ mi. Ewúrẹ́, wọ́n ti jẹ ẹ́. Ẹja, wọ́n ti jẹ ẹ́. Èyí, wọ́n á sọ ọ́ títí dé ọ̀run!"

"Ẹ yí i padà," Wúràọlá ní. Kò dúró dẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ ti kó ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ti bárò bá a gbé e, wọ́n yí i dojú bolẹ̀. "Tó bá wà lórí ẹ̀yìn báyẹn, ara rẹ̀ ń tẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò ní lè mí."

"Nne, ẹran pẹ́pẹ́ súùpù ni o, kì í ṣe pásítọ̀. Ṣé inú ìkòkò lo fẹ́ kó ti máa mí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Madam, fi sílẹ̀ fún un, ọmọ ìyá ẹ̀ ni, ẹ ò rí i pé wọ́n jọra lójú?"

"Ṣé èèwọ̀ ilé yín ni?" Nwakaego bi í, ó ti fẹ́ ṣe jẹ́ẹ́.

"Rárá. A máa ń jẹ ẹ́. Ẹyin rẹ̀ ni wọ́n fi tọ́ wa."

"Kí ló wá dé?"

Kí ni kí Wúràọlá sọ? Pé ibi tí òun ti wá ló ti wá? Ẹja pọ̀ ní Onitsha tó ti òkun wá, òun náà sì ń jẹ ẹ́. Ó kàn ní, "Jẹ́ kó wà lábẹ́ ibòòji ṣọ́ọ̀bù mi títí ìwọ á fi pa á."

"Ó wà lọ́wọ́ ẹ. Àmọ́ òwúrọ̀ Furaidé, ọ̀bẹ ti dé o."

Báyìí ni ìjàpá òkun ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Wúràọlá tú okùn, ó fi aṣọ tútù bò ó. Ó rí i pé kò lè fa orí wọ inú ìkarahun bíi ti ìjàpá ilẹ̀. Ti ilẹ̀, tí nǹkan bá le, á kó ara rẹ̀ wọlé. Èyí ò níbi tó máa kó orí sí, gbogbo ohun tó bá ń bọ̀, ojú lásán ló fi ń wò ó.

Ó jókòó tì í. Nígbà tí ọjà tú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, Ìlàjẹ pọ́ńbélé. Ó sọ nípa bàbá rẹ̀, tó máa ń hú díẹ̀ nínú ẹyin àwọn ìjàpá náà nínú iyanrìn, á sì fi iyanrìn bo ìyókù. Ó sọ nípa ọjọ́ kan tí ẹyin tó kù pa, tí àwọn ọmọ ìjàpá náà kéré bíi bisikíìtì. Ìmọ́lẹ̀ ojú òkun ló yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé, fìtílà ìyá rẹ̀ ni wọ́n rí, gbogbo wọn bá ya wọ ilé ìdáná, wọ́n ń rìn sábẹ́ ìkòkò. Ìyá rẹ̀ ní kó kó wọn sígbá kó lọ dà wọ́n sómi. Ó kó wọn, ó dà wọ́n. Ọmọdé ni, wọ́n rán an níṣẹ́, ó jẹ́ ẹ. Àárín ọ̀rọ̀ ló ti ń kọsẹ̀. Orúkọ igbá yẹn gan-an lédè wọn, ó wá a tì. Ti Íbò ló ń wá sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, Akínkúnlé yà wá wo ṣòkòtò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ báǹkì ni, wọ́n gbé e wá láti Èkó, ìyàwó rẹ̀ sì wà lọ́hùn-ún. Òun nìkan ni oníbàárà Wúràọlá tó máa ń tẹríba díẹ̀ kó tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà." Nítorí gbólóhùn yẹn, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni Wúràọlá máa ń fà di ọ̀sẹ̀ méjì lórí aṣọ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà rò pé obìnrin yìí ò kàn yára lẹ́nu iṣẹ́ ni.

"Yéè! Ma, kí lèyí?"

"Àlejò mi ni. Akínkúnlé, ìwọ tí o mọ fóònù tẹ̀. Ǹjẹ́ àwọn èèyàn kan wà tó máa ń dáàbò bò wọ́n?"

Ó tẹ fóònù díẹ̀, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan tó rí níbẹ̀. Kò pẹ́, obìnrin kan pè láti Èkó. Ó ní Adétóyìn ni orúkọ òun, iṣẹ́ òun àti ẹgbẹ́ òun ni pé kí àwọn ìjàpá òkun má baà tán nílẹ̀. Akínkúnlé gbé ohùn rẹ̀ sóde kí Wúràọlá lè gbọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má gbé e sínú omi kànga o, omi òkun ni tiẹ̀. Ẹ fi í síbòòji, kí aṣọ tútù wà lára rẹ̀, ẹ má bo imú rẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ. Ǹjẹ́ ẹ lè wọn ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi, láti ìdí ọrùn títí dé ìdí ìrù? Kí tépù tẹ̀ lé bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tẹ̀."

Wúràọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Kí ló ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe? Ó fa tépù lọ́rùn, ó gbé e lé ẹ̀yìn ìjàpá bí ẹni ń wọn ìdí ìyàwó. "Ínǹṣì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

"Ìrù rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní tó ìka."

"Obìnrin ni, ti akọ máa ń gùn. Ó ti dàgbà nìyẹn, irú rẹ̀ máa ń lò ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Àsìkò tí wọ́n ń gòkè wá yé náà la wà. Ó ṣeé ṣe kí ẹyin wà nínú rẹ̀ mà."

"Níbo ló fẹ́ yé e sí?"

"Ìtòsí etíkun tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde nínú ẹyin. Wọn kì í gbàgbé. Ó lè fi ọ̀pọ̀ ọdún rin òkun dé ilẹ̀ òkèèrè, ibẹ̀ náà ló máa padà sí."

Wúràọlá ká tépù mọ́ ọwọ́. "Tí etíkun yẹn ò bá sí mọ́ ńkọ́?"

"Á máa wá a kiri mà. Òmíì á ṣí lọ síbi tó sún mọ́ ọn. Tí òmíì ò bá rí, á tú ẹyin náà sínú omi."

"Ṣé ẹyin máa ń pa nínú omi?"

"Kì í pa mà. Á rì."

Akínkúnlé tẹ̀ síwájú wo ojú ẹranko náà. "Ma, ó ń sunkún o!"

Òótọ́ ni. Omi kan tó ki, tó ń dán, ń ṣàn láti ojú ìjàpá náà, ó fà títí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Kì í ṣe ẹkún," Adétóyìn ní lórí fóònù. "Iyọ̀ ni. Omi òkun ló ń mu, ẹ̀yà kan wà lẹ́bàá ojú rẹ̀ tó ń sẹ́ iyọ̀ náà jáde. Nígbà tó wà lómi náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, òkun ló kàn ń fọ̀ ọ́ nù. Ẹ sọ fún ẹni tó rà á pé òfin dè é, wọn kì í tà á, wọn kì í pa á. Tí ẹ bá lè gbé e dé Ọ̀rẹ̀, màá gbé pikọ́ọ̀pù wá pàdé yín."

Akínkúnlé ń lọ sí Èkó ní Furaidé, Ọ̀rẹ̀ ló máa gbà. Mọ́tò ti wà. Ó ku Nwakaego.

Wúràọlá lọ bá a lójú ààrò. Ó sọ ti òfin. Nwakaego ní òfin wo, ṣé òfin yẹn á bá òun bọ́ àwọn àna? Wúràọlá ní òun á rán búláòsì mẹ́ta fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Nwakaego ní òun láṣọ. Ó ní ẹyin wà nínú rẹ̀. Nwakaego ní, "Ehen! Ẹyin tún wà! Ọbẹ̀ á dùn."

Nígbà tó di òwúrọ̀ Furaidé, ọ̀bẹ dé lóòótọ́, ó dán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ọn ni. Èrò ti pé. Nwakaego so ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìjàpá náà, ó di orí rẹ̀ mú. Orí náà ò sá. Kò níbi tó máa sá sí. Ojú rẹ̀ ńlá dúdú là kalẹ̀, ó ń wo Nwakaego, omi ń ṣàn níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Nwakaego fọwọ́ nù ún. Òmíràn tún yọ.

"Chineke," ó ní kẹ́lẹ́. Ó wo Wúràọlá. "Mama Ṣìkẹ́. Obìnrin orí fóònù yẹn, tó mọ̀ nípa wọn. Ṣé ó sọ ohun tó ń pa á lẹ́kún?"

Akínkúnlé ti lọ gbàyè níbi iṣẹ́ kí wọ́n lè tètè gbéra. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn ju Wúràọlá lọ. Ó wo ọ̀bẹ, ó wo ìjàpá.

"Ó ní ó fẹ́ relé."

"Tufiakwa!" Nwakaego ju ọ̀bẹ sọ́nà jíjìn. Ó yí ọwọ́ ká orí rẹ̀. "Ẹran tó ń sunkún ilé ni kí n fi fa ìyàwó fún wọn? Kí ọmọ mi máa sunkún ilé ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ nílé ọkọ? Ẹ gbé e kúrò níwájú mi! Ẹ lọ ra ewúrẹ́!"

Gbogbo àdúgbò wá yí ọkàn padà. Àwọn tó ti ń béèrè ẹsẹ̀ àti ìfun láti àná, àwọn ló wá ń kí i pẹ̀lẹ́, "ndo, ndo." Ọkùnrin olóògùn eku gbé láúdù-sípíkà rẹ̀ dé, ó ń kéde pé ìjàpá kan ń sunkún ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Wúràọlá dúró láàárín wọn, òun nìkan ló mọ̀ pé ẹranko yẹn ò sunkún kankan. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan, ó wò yíká. Ta ni kó sọ ọ́ fún?

Ó wọlé lọ wá aṣọ tí yóò fi wé e rìnrìn àjò. Kó tó jáde, àwọn èèyàn yẹn ti ṣe ìrànlọ́wọ́. Nwakaego ti gbé agbada ńlá tó fi ń fọ ẹran wá, ó pọn omi sí i, ó yá àpò iyọ̀ kan látọ̀dọ̀ àwọn aláta, ó dà á sí i pátá, ó ń fi ọmọrogùn rò ó. Àwọn ọkùnrin méjì ti gbé ìjàpá náà sí i.

"Kí lẹ ń ṣe!"

"Òkun la ń ṣe fún un," Nwakaego ní, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀. "Ṣebí ilé ló fẹ́, omi oníyọ̀ sì nilé rẹ̀? Mo tọ́ ọ wò. Ó níyọ̀ dáadáa."

Wúràọlá tọwọ́ bọ omi, ó fi kan ahọ́n, ojú rẹ̀ pọ́n. "Nwakaego, ó ku ata àti efinrin, kó jinná láàyè! Ẹ gbé e jáde!"

Wọ́n gbé e jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹnì kan tún ní kí wọ́n kúkú lọ jù ú sí River Niger, omi ṣáà ni omi, á bá odò lọ títí á fi délé. Wúràọlá ní odò yìí jìnnà sí òkun ju bí wọ́n ṣe rò lọ, àti pé àwọn tó gbé e wá yìí náà ló máa tún pàdé lọ́nà, pẹ̀lú àwọ̀n. Ó fi omi gidi ṣan iyọ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Táwẹ̀lì Jímọ̀ méjì tó ti wà nínú àpótí láti ọjọ́ yìí ló gé. Ó fi ínǹṣì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rẹ̀ sí i, ó yọ ọrùn, ó yọ apá mẹ́rin, ó fi rọ́bà sí ìsàlẹ̀ kó má baà yọ̀ kúrò. Ó rẹ ẹ́ sómi, ó wọ̀ ọ́ sí i lára. Ó bá a mu rẹ́gí.

"Ó ku gèlè," Nwakaego ní. Ṣùgbọ́n ó dúró pẹ́ níbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ Wúràọlá. "Ìwọ náà ń lọ?"

"Ọ̀rẹ̀ péré. Màá gbé e fún wọn, màá wọ mọ́tò padà. Ọ̀la mo ti dé."

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Akínkúnlé dé, wọ́n gbé e sí búùtù mọ́tò rẹ̀, wọ́n ká ìjókòó ẹ̀yìn kó lè máa rí atẹ́gùn. Wọ́n gun afárá, Asaba kọjá, Benin kọjá. Wúràọlá jókòó tì í lẹ́yìn, ó ń fi kóòpù bu omi sí i lára. Lẹ́yìn Benin ni òórùn kan gbòde. Akínkúnlé dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ṣí búùtù. Ìjàpá ti yàgbẹ́ sórí rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, nínú ìgbẹ́ náà nylon pure water kan wà tó ti lọ́ bí okùn, wọ́n ṣì lè ka lẹ́tà díẹ̀ lára rẹ̀.

"Ma," ni Akínkúnlé ní, ó di imú, "mọ́tò tí mo ń gbé lọ bá ìyàwó mi nìyí o."

Ní Ọ̀rẹ̀, Adétóyìn ti ń dúró, ọ̀dọ́mọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ bàtà òjò. Wúràọlá fi nylon náà hàn án. Adétóyìn ní ẹran omi kan wà tó mọ́ gaara, tó ń fò léfòó, òun ni àwọn ìjàpá òkun fẹ́ràn jù láti jẹ, tí nylon bá ń léfòó, wọn ò mọ ìyàtọ̀. Ó fetí sí bí ìjàpá náà ṣe ń mí, ó gbé ojú sókè.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ mà. Mo ti fẹ́ gbé e lọ sí Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn pọ̀ jù fún un. Òkun tó sún mọ́ wa jù ni ti Ìlàjẹ. A lè dé Ìgbọ́kọ̀dá kílẹ̀ tó ṣú, kí a gba ojú omi láàárọ̀. Akínkúnlé ní ọmọ ibẹ̀ ni yín. Ẹ máa bá wa lọ, àbí?"

Mọ́tò Onitsha méjì ló wà níwájú níbẹ̀, wọ́n ń pe èrò. Wúràọlá wò wọ́n. Ó ti mú àpò rẹ̀ dání. Tó bá wọ̀ ọ́, á sùn sí ilé rẹ̀. Àmọ́ tí ìjàpá yìí bá kú lójú omi, kò ní sẹ́ni tó máa sọ fún un. Wọ́n á kàn ní ó lọ.

Ó wọ pikọ́ọ̀pù.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ní èbúté Ìgbọ́kọ̀dá, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bíọ́dún ló máa tukọ̀ wọn. Wúràọlá kí i lédè Ìlàjẹ, kíkí tí wọ́n fi ń kí atukọ̀. Ó ti tún un sọ nínú ọkàn rẹ̀ láti òru. Bíọ́dún wò ó, ó rẹ́rìn-ín múṣẹ́.

"Mama, you try! Who teach you our language?"

"Ọmọ ibí ni mí."

"Ehn? Ẹ má bínú mà. Ẹnu yín ló dà bíi ti Íbò." Ó wo bó ṣe ró ìró méjì léra wọn bíi ti obìnrin Íbò. Kò jiyàn, ó kàn na ọwọ́ sí i kó lè wọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ́ lórí ìgbì àkọ́kọ́, ẹnu Wúràọlá já: "Chineke!" Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò níbi nínú. Láti ibẹ̀ lọ, "Ìyá Íbò" ni wọ́n ń pè é, kí Ìyá Íbò sún síbí, kí Ìyá Íbò dí garawa mú. Ó ń sún, ó ń dí i mú.

Etíkun tí wọ́n dé, kò fẹ̀ ju ọ̀nà mọ́tò kan lọ. Ògiri tó wó sómi wà lápá òsì, táǹkì omi kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú iyanrìn, ìgbì ń gba inú rẹ̀ jáde. Wúràọlá wá ohun tó máa mọ̀. Kò sí igi kan, kò sí òpó kan. Ó lè jẹ́ pé abúlé wọn ni, ó lè jẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ó bi Bíọ́dún. Bíọ́dún ní òun ò mọ orúkọ yẹn mà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ayé àtijọ́.

Wọ́n gbé ìjàpá náà sórí iyanrìn. Wúràọlá bọ́ ẹ̀wù táwẹ̀lì kúrò lára rẹ̀. Adétóyìn yọ irin pẹlẹbẹ kékeré kan, ó fi nǹkan bíi ẹ̀mú kàn án mọ́ apá ìjàpá níbi tí ẹran ti fẹ́lẹ́. Ẹranko náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan.

"Kí nìyẹn?"

"Nọ́ńbà tiẹ̀ ni, pẹ̀lú àdírẹ́sì wa. Ibikíbi tó bá já sí mà, ìbáà ṣe Gánà, ìbáà ṣe Gàbọ́ọ̀n, ẹni tó bá rí i á mọ ibi tó máa ránṣẹ́ sí."

Wúràọlá fi ìka kan irin náà.

"Ó dáa fún un," ó ní.

Ìjàpá náà ò lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sójú kan, ó mí, ó tún mí. Lẹ́yìn náà ó ju apá méjèèjì síwájú, ó wọ́ ara rẹ̀. Ó sinmi. Ó tún wọ́. Ìgbì kan wá fọwọ́ kàn án, ó padà. Èkejì gbé e díẹ̀. Ẹ̀kẹta dé, ẹranko tó wúwo tó ń ra pálá lórí ilẹ̀ yẹn sì fúyẹ́ lójijì, ó na apá, ó yí, ó lọ. Orí rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan lọ́ọ̀ọ́kán láti mí. Wúràọlá ń dúró dè é kó tún yọ. Kò tún yọ mọ́.

Adétóyìn pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ ọkọ̀ náà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n ní kí Ìyá Íbò wá wọ inú rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó dúró létí.

Omi ti ń kún. Bíọ́dún ti gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó ń na ọwọ́.

"Mama, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Níbo la máa já yín sí?"

Wúràọlá gbọn iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀, ó fún omi kúrò nínú ẹ̀wù táwẹ̀lì, ó ká a sábẹ́ abíyá.

"Gáréèjì," ó ní. "Níbi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Onitsha."